Breckenridge, Colorado: ẹ yẹ bàtà wò dáadáa kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù

Ẹ má wulẹ̀ bi mí nípa yìnyín. Yìnyín wà níbẹ̀, ó pọ̀ bí wọ́n ṣe ń wí. Bàtà ló mú mi jókòó kọ èyí.

Ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti yá ohun èlò sikí (eré tí wọ́n ń fi igi pẹlẹbẹ méjì yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí yìnyín), ọmọkùnrin tó dá wa lóhùn bi mí ní ìwọ̀n kílò mi, bí mo ṣe ga tó, ọjọ́ orí mi, àti bóyá mo ti ṣe é rí. Ìyẹn ò bí mi nínú. Òun ni wọ́n fi ń mọ bí ohun tó di bàtà mọ́ igi sikí ṣe máa le tó, kó lè tú fúnra rẹ̀ béèyàn bá ṣubú, kí eegun má baà dá. Ó wọn ẹsẹ̀ mi, ó kọ 26.5 síwèé (sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n fi ń ka bàtà yìí), ó bá gbé bàtà jáde. Mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Yéè! Mo ní, "Èyí ń pa mí o." Ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, pé ara mi á mọ́ ọn. Kò tilẹ̀ wojú mi, ẹni tó tò sẹ́yìn mi ló ń wò.

Ara mi ò mọ́ ọn. Kí gondola (yàrá kékeré tí wọ́n so mọ́ okùn irin, tó ń gbé èèyàn gòkè) tó gbé wa dé Peak 8, ọ̀kan nínú àwọn òkè tí wọ́n ti ń ṣe sikí, mi ò mọ̀ bóyá mo ṣì ní ọmọ ìka ẹsẹ̀. Mo padà lọ bá a. Ó ní tí mo bá fẹ́ pààrọ̀, màá tún owó san. Owó wo? Ìgbà yẹn ni mo tó ka rìsíìtì mi dáadáa: wọ́n ti fi owó "tí nǹkan bá bàjẹ́" kún un, ẹnikẹ́ni ò sì bi mí. Mo pariwo. Bàbá Tọ́pẹ́ ń fà mí láṣọ, "Ìyá Tọ́pẹ́, ó tó." Kò tó!

Màmá àgbà kan ló jáde láti ẹ̀yìn. Kò bá mi jiyàn rárá. Ó kúnlẹ̀, ó fa tìmùtìmù inú bàtà náà yọ, ó ní kí n ti ẹsẹ̀ bọ ike rẹ̀ lásán. Àtàǹpàkò mi ti kan iwájú pa. Ó yí gìgísẹ̀ bàtà sókè, ó fi nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ hàn mí: 25.5. Ó gbé òmíràn wá, ó dá owó yẹn padà, ó ní, "Ẹ má bínú, mà." Ọmọkùnrin yẹn ti wábi gbà.

Sikí ti sú mi lọ́jọ́ yẹn. Orí tún ń fọ́ mi, torí ìlú náà ga tó 9,600 ẹsẹ̀ bàtà, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́. La bá rìn lọ sínú ìlú, a sì rí ilé Barney Ford.

Ọ̀rọ̀ bàtà kúrò lórí ẹ̀mí mi níbẹ̀. Wọ́n bí ọkùnrin yìí sóko ẹrú ní Virginia lọ́dún 1822, ó sá kúrò níbẹ̀, ó dé Breckenridge lọ́dún 1860 láti wa góòlù. Wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn dúdú forúkọ ara rẹ̀ gba ilẹ̀, ó bá fi orúkọ lọ́yà kan gbà á. Lọ́yà náà gba ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n sì lé e. Nígbà tó padà dé ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, oúnjẹ ló ń tà fún àwọn tó ń wa góòlù! Ó kọ́ ilé yìí lọ́dún 1882, kò sì sí kíṣìnì nínú rẹ̀, torí ilé oúnjẹ rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Mo rẹ́rìn-ín títí. Bàbá tó ń mú wa káàkiri ilé náà ò kánjú, gbogbo ìbéèrè Tọ́pẹ́ ló dáhùn.

Ẹ tún wo òkìtì òkúta lẹ́bàá Blue River. Ọkọ̀ ńlá tó ń hú ìsàlẹ̀ odò nítorí góòlù, láti 1898 sí 1942, ló kó wọn jọ síbẹ̀. Sikí ò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ títí di 1961. Ọ̀fẹ́ ni bọ́ọ̀sì ìlú, ọ̀fẹ́ ni gondola, àmọ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń ṣe sikí lórí òkè máa ń ju igba dọ́là lọ lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀. Ẹ tètè rà á ṣáájú.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Bàbá Tọ́pẹ́ ní mo le jù. Òun náà ló ń bá wa wá ilé tó sún mọ́ gondola fún ọdún tó ń bọ̀, èmi ni mo sì ní kó máa wá a.