Kíláàsì Sípáníìṣì ìrọ̀lẹ́ ní Pánṣẹ́kẹ́: ẹnu olùkọ́ dáa ju ìwé wọn lọ

Ọ̀rọ̀-ìṣe gustar, tí wọ́n fi ń sọ pé nǹkan wu èèyàn, ni kí ẹ fi dán olùkọ́ Sípáníìṣì wò. Èyí tó ń kọ́ni lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Pánṣẹ́kẹ́, l'Ábẹ́òkúta, yege níbẹ̀.

Kì í jẹ́ kí wọ́n ti ìdí "mo fẹ́ràn" gbà á. Ẹni tó bá gba ibẹ̀, "yo gusto el arroz" ló máa sọ, kò sì sẹ́ni tó ń sọ bẹ́ẹ̀. "Ó wù mí" ló fi ń kọ́ wọn. Ìrẹsì wù mí: me gusta el arroz, Sípáníìṣì kàn gbé "mi" síwájú ni. Bí nǹkan bá ti ju ẹyọ kan lọ, gusta á di gustan: me gustan los mangos. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ohun téèyàn ń ṣe ni, ìbáà tó méjì, gusta náà ni: me gusta cantar y bailar (orin kíkọ àti ijó jíjó wù mí). Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fo el tàbí los yẹn. "Me gusta arroz" ò dúró.

Ó kàn me, te, le, nos, os, les, ìyẹn mi, ọ, òun, wa, yín, wọn. (Os, àwọn ará Sípéènì ló ń lò ó, ní Mẹ́síkò, les ni.) Bó bá jẹ́ ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀, te ni ti ẹgbẹ́ ẹni, le ni ti àgbà: ¿a usted le gusta el lafún? Bí ẹ bá dárúkọ ẹni náà, ẹ fi a ṣíwájú, kí ẹ má sì yọ le kúrò: a mi madre le gusta el lafún (lafún wu ìyá mi). "Mi madre gusta" ló pọ̀ jù lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, olùkọ́ kì í sì í gbójú fò ó.

Ìwé tí wọ́n ń pín ló kù díẹ̀ káàtó. Wọ́n kọ "me gustas" sábẹ́ "mo fẹ́ràn rẹ" láìṣe ìkìlọ̀ kankan. Ẹni tó bá sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ ti dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́ nìyẹn! Me cae bien là ń sọ nípa ẹni tí ìwà rẹ̀ tẹ́ wa lọ́rùn. Me gustaría, tí wọ́n fi ń tọrọ nǹkan pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bíi me gustaría tomar un café, kò tilẹ̀ sí nínú rẹ̀.

Fọ́tòkọ́pì náà tún ti jẹ àmì orí gustó. Me gustó la comida: oúnjẹ náà dùn mọ́ mi. Láìsí àmì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná mọ́. Ẹ mú bírò pupa dání, kí ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́ padà.