Àwọn Bàlúù Ogun tí Wọ́n Kó Jọ sí Vilu, ní Erékùṣù Guadalcanal

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ sí ọgbà àfihàn ohun ìjà Ogun Àgbáyé Kejì tó wà ní abúlé Vilu, ní erékùṣù Guadalcanal ní orílẹ̀-èdè Solomon Islands, nínú òkun Pàsífíìkì, láàárín ọjọ́ mẹ́rin tí mo lò níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ kò dùn mọ́ mi, ọgbà náà kò sì lẹ́bi rárá nínú rẹ̀. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ni mo rí ohun tó mú kí n jókòó kọ èyí. Brisbane ní Ọsirélíà ni mò ń gbé, ìrìn bí wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ sì ni láti ibẹ̀ dé Honiara tí í ṣe olú ìlú wọn. Pápákọ̀ òfuurufú tí a balẹ̀ sí gan-an wà lára ìtàn náà: àwọn ará Japan ló bẹ̀rẹ̀ sí í la ilẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1942, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́ ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n sì fi orúkọ Henderson pè é, nítorí awakọ̀ òfuurufú wọn kan tó kú nígbà tí wọ́n bá Japan jà ní erékùṣù Midway.

Nílé wa, àwọn àgbà máa ń sọ̀rọ̀ Ogun Hitler, wọ́n sì máa ń dárúkọ Burma tí àwọn ọmọ wa lọ bá Japan jà, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ló mọ̀ pé ogun kan náà ló jó àwọn erékùṣù yìí.

Vilu tó nǹkan bíi kìlómítà 25 sí ìwọ̀-oòrùn Honiara. Ọ̀nà náà gba etí òkun kọjá Bonegi, níbi tí ìyókù ọkọ̀ ojú omi Japan méjì tó gun orí iyanrìn ní oṣù kọkànlá ọdún 1942 ṣì wà nínú omi. Ilé iṣẹ́ arìnrìn-àjò kan tí n kò ní dárúkọ ni mo gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ kìíní. Owó gọbọi ni wọ́n gbà, awakọ̀ wọn pẹ́ ní wákàtí kan àbọ̀, nígbà tí a sì dé Vilu, ó jókòó sínú ọkọ̀, ó ní kí n máa wò ó, pé òun ń dúró dè mí. Mo yí gbogbo ọgbà náà ká ní ogún ìṣẹ́jú, mo ya fọ́tò, mo sì padà láìgbọ́ ìtàn kankan. Inú bí mi débi pé mo wá ẹlòmíràn ní ọjọ́ kẹta, ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní agbègbè náà, tí ó mọ àwọn onílé, tí owó tí ó gbà kò sì tó ìdajì ti ìṣáájú.

Ọgbà náà kò ní ògiri, kò ní gíláàsì, kò sì sí okùn tí wọ́n ta láti dá ènìyàn dúró. Fred Kona, ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, ló kó àwọn àfọ́kù bàlúù náà jọ, tí ó tò wọ́n sórí koríko tí wọ́n ń gé déédéé, láàárín igi àti òdòdó. Òkúta ìrántí wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, Japan, Ọsirélíà, Fiji àti New Zealand. Ìbọn àgbá ńlá àwọn ará Japan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bàlúù ni mo wá wò.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 1942, bàlúù Amẹ́ríkà irú méjì ló balẹ̀ sí pápá Henderson: Wildcat 19, tí wọ́n fi ń bá bàlúù ọ̀tá jà, àti Dauntless 12, tí ń ju bọ́ǹbù. Bàlúù 31 péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í dáàbò bo pápá náà, irú méjèèjì sì wà ní Vilu. Corsair, bàlúù ajagun Amẹ́ríkà mìíràn, wà níbẹ̀ náà, èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ tẹ̀ wá sísàlẹ̀ kí ó tó gòkè, nítorí pé abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ tóbi débi pé wọ́n ní láti gbé imú rẹ̀ jìnnà sílẹ̀. Oṣù kejì ọdún 1943 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ dé erékùṣù náà, nígbà tí Japan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kúrò tán.

Wildcat ni mo fẹ́ kí ẹ dúró tì. Afinimọ̀nà mi fi ọwọ́ kan oríkèé ibi tí ìyẹ́ ti so mọ́ ara bàlúù, ó ní kí n sún sẹ́yìn díẹ̀, òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jáde láti inú ilé sì di etí ìyẹ́ náà mú, wọ́n rọra yí i. Irin náà ké. Etí iwájú ìyẹ́ náà dojú kọ ilẹ̀, ó sì ń lọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi sùn ti ẹ̀gbẹ́ bàlúù, bí àdàbà ṣe ń pa ìyẹ́ mọ́ra bí ó bá bà sórí òrùlé. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i nígbà ogun náà, kì í ṣe ẹ̀rọ, kí àyè lè gba bàlúù púpọ̀ sí i lórí ọkọ̀ ojú omi: bí ó bá nà tán, ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 38, bí wọ́n bá pa á mọ́ra, kò ju bíi 14 lọ. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, oríkèé náà ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú afẹ́fẹ́ òkun.

Bàbá mi ń yọ́ álúmíníọ̀mù da ìkòkò ní Abẹ́òkúta, àárín páànù àlòkù àti irin kọ̀ndẹ́ẹ̀mù ni mo sì dàgbà sí, nítorí náà ara bàlúù wọ̀nyí kò ṣàjèjì sí mi. Mo fi àtàǹpàkò nu ara Dauntless náà, lẹ́búlẹ́bú funfun sì lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Álúmíníọ̀mù kì í dógùn-ún bí irin, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ náà, pàápàá jù lọ níbi tí irin bá ti kàn án. Mo mọ iye tí oníkọ̀ndẹ́ẹ̀mù yóò dá lé e, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ iṣẹ́ tí ẹbí Kona ṣe. Nígbà tí ogun parí, owó tí wọn ì bá fi kó ẹrù ogun padà sílé pọ̀ ju èrè tó wà níbẹ̀ lọ. Ní erékùṣù Espiritu Santo, ní Vanuatu, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wa ọkọ̀ àti katakata sínú òkun, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tó ń ṣàkóso ibẹ̀ kò rà wọ́n. Million Dollar Point ni wọ́n ń pe ibẹ̀ dòní. Ohun tí òkun kò gbé, iná àwọn onírin àlòkù yọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó dùn mí pé òjò ń pa èyí tó kù. Lójú tèmi, Amẹ́ríkà àti Japan ló yẹ kó san owó òrùlé tí yóò bò wọ́n, kì í ṣe ará abúlé.

Ẹ mú owó ọwọ́ lọ, dọ́là ti Solomon ni kí ó jẹ́, kí ẹ sì mú omi àti oògùn ẹ̀fọn, nítorí ibà wọ́pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta àfọ́kù ogun fún yín lójú ọ̀nà, ẹ má rà á. Òfin wọn ń dáàbò bò ó. Ẹ má sì ya wọ inú igbó láti wá bàlúù fúnra yín. Bọ́ǹbù tí kò tíì bú ṣì wà nínú ilẹ̀ erékùṣù náà, àwọn méjì tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ kíkó o kúrò sì kú ní Honiara ní ọdún 2020.

Wákàtí méjì tó fún ọgbà náà, bí ẹ bá ní ẹni tí yóò sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ìyẹ́ Wildcat ni ẹ fẹ́ rí kí ẹ tó ya fọ́tò kankan, nígbà tí wọ́n bá sì ń dá a padà sí ipò rẹ̀, ẹ súnmọ́ ọn kí ẹ lè gbọ́ ohùn irin náà bí ó ṣe ń wọ àyè rẹ̀.