Ekòló ìdajì kílò tí mo rà: ojú mi rí nǹkan

Nígbà tí mo sọ nílé pé mo fẹ́ fi owó ra ekòló tí yóò máa sọ ìgbẹ́ ẹran di ajílẹ̀ fún mi, ìyá mi bi mí bóyá orí mi pé. Ekòló tó kún ẹ̀yìn balùwẹ̀! Mo ní Màámi, ekòló ju ekòló lọ. Ti ẹ̀yìn balùwẹ̀ ń wa ihò lọ sísàlẹ̀ ilẹ̀ ni. Èyí tí mo rà, Eudrilus eugeniae, òkè níbi tí ìdọ̀tí ti ń jẹrà ló ń gbé. Ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni, ooru wa mọ́ ọn lára.

Ẹni tó tà á kò rẹ́ mi jẹ lórí ìwọ̀n, ààyè ni gbogbo wọn sì dé Mọ́níyà. Ìwé pélébé tó fi tì í ló bí mi nínú: ẹ da ìgbẹ́ ẹran sí i, ẹ bomi rin ín, ó parí. Mo da ìgbẹ́ màlúù tútù sínú ike wọn, mo fi ti adìyẹ lé e. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn kan ti ń gun ara ike jáde, àwọn tó kù ti kú fin-ín-fin-ín. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ń gbóná bí ẹ̀kọ mímu. Àwọn àgbà ní ekòló júbà ilẹ̀, ilẹ̀ lanu. Tèmi kò rí ilẹ̀ júbà, inú iná ni mo jù wọ́n sí. Ìgbẹ́ tútù máa ń gbóná bó bá ń jẹrà, ti adìyẹ tún ní gáàsì ammonia tó ń ta ni nímú, ìyẹn nìkan tó pa wọ́n. Ó yẹ kí n ti kó o jọ síta, kí n máa yí i fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta títí yóò fi tutù. Gbólóhùn kan péré ni ìwé yẹn ì bá fi kún un.

Ìwọ̀nba tó yè ni mo fi tún bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìgbẹ́ màlúù tó ti tutù, ewé gbígbẹ àti páálí yíya. Bí mo bá fún un lọ́wọ́, omi gbọ́dọ̀ kán díẹ̀, kó má ṣàn. Mo gbé ẹsẹ̀ tábìlì wọn sínú agolo omi nítorí èèrà. Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, ó ti di ajílẹ̀, ó dúdú, ó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Mo dà á sórí ọ̀rá nínú oòrùn; ekòló kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, wọ́n wọ ìsàlẹ̀ lọ, mo ń ha òkè kúrò.

Ẹ̀kúnwọ́ kan ni mo ń fi sí ihò tòmátò. Ẹ̀fọ́ ṣọkọ tí mo fi NPK, ajílẹ̀ oníkẹ́míkà, sí ló kọ́kọ́ yọ gọ̀ǹgọ̀, ṣùgbọ́n ebè ekòló la já pẹ́ jù. Àgbàdo éékà kan ńkọ́? Ẹ má tan ara yín. Àpò ajílẹ̀ ekòló méjì péré ni mo rí kó láàárín oṣù mẹ́jọ.

Mi ò ní rà á mọ́, wọ́n ti bí sí i kọjá ohun tí ike gbà. Màámi tó ní orí mi kò pé ń bu ajílẹ̀ sídìí ata rẹ̀ láràárọ̀, kọ́bọ̀ kò tíì jáde lọ́wọ́ rẹ̀.