Bí iṣẹ́ tó ń mú nọ́ńbà àti kàlẹ́ńdà bára mu ṣe pa àkójọ mi rẹ́, àti bí ó ṣe dá a padà

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe àgbéyẹ̀wò rẹ̀ yìí ni èyí tó máa ń mú orúkọ, nọ́ńbà àti kàlẹ́ńdà ènìyàn bára mu lórí fóònù, tábúlẹ́ẹ̀tì àti kọ̀ǹpútà, tó fi jẹ́ pé ohun tí a bá kọ sí orí ọ̀kan yóò hàn lórí ìyókù. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni ín, nítorí àléébù tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹnikẹ́ni tó ń lo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè bá a pàdé. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ kò gba àlàyé púpọ̀: a ó fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé, a ó dúró díẹ̀, gbogbo nǹkan ẹni á sì dé. Ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ lọ ló mú mi kọ̀wé yìí.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe. Àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ fọ́n káàkiri, aago wọn kò sì dọ́gba, nítorí náà irinṣẹ́ gidi ni àkójọ nọ́ńbà àti kàlẹ́ńdà jẹ́ fún mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan ni mo kọ èdè tó ń sọ sí, àkókò tó fẹ́ kí n máa pe òun, bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an, àti ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé kẹ́yìn. Mo fi tábúlẹ́ẹ̀tì tuntun kan kún àwọn ẹ̀rọ tí mo ti ń lò tẹ́lẹ̀, bí ìlànà ilé-iṣẹ́ náà ṣe là á sílẹ̀ gẹ́lẹ́, mo sì fi í sílẹ̀ kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, mo fẹ́ pe oníbàárà kan tí ìpàdé rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, mi ò sì rí orúkọ rẹ̀ lórí fóònù. Mo wá orúkọ ẹlòmíràn, kò sí. Mo yára ṣí kọ̀ǹpútà, mo ní ibẹ̀ á ṣì pé, àfi bí orúkọ ṣe ń pòórá níṣojú mi láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀, bí ẹni pé ẹnìkan jókòó síbẹ̀ tó ń pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo já kọ̀ǹpútà náà kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀. Ohun tó kù lórí rẹ̀ kò tó ìdajì. Kàlẹ́ńdà nìkan ni kò fara gbá nínú rẹ̀.

Mímú nǹkan bára mu yàtọ̀ sí fífi ẹ̀dà pa mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpolówó àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí sábà máa ń pa méjèèjì pọ̀. Ẹni tó fi ẹ̀dà pa mọ́, bí ti ọwọ́ rẹ̀ bá bàjẹ́, èyí tó pa mọ́ ṣì wà. Ṣùgbọ́n níbi tí àwọn ẹ̀rọ ti ń bára wọn mu, ìparẹ́ náà jẹ́ ìròyìn bíi ti gbogbo ìròyìn yòókù: bí ọ̀kan bá ní òun ti pa orúkọ kan rẹ́, ìyókù á gbọ́, wọ́n á sì pa á rẹ́. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé kì í ṣe àṣírí. CalDAV ni ti kàlẹ́ńdà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2007 gẹ́gẹ́ bí RFC 4791, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún ní nọ́ńbà. CardDAV ni ti orúkọ àti nọ́ńbà, RFC 6352, ti ọdún 2011. Nínú méjèèjì, sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tí gbogbo ẹ̀rọ ń wá bá, máa ń fún àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àmì kan tí wọ́n ń pè ní ETag, tó máa ń yí padà nígbàkígbà tí àkọsílẹ̀ náà bá yí padà. Ní ọdún 2012, RFC 6578 fi sync-token kún un, èyí tí ẹ̀rọ yóò mú lọ sọ́dọ̀ sáfà láti fi béèrè ohun tó ti yí padà láti ìgbà tó ti wá kẹ́yìn. Bí sync-token náà kò bá wúlò mọ́, sáfà yóò kọ̀ ọ́, ẹ̀rọ náà á sì tún gbogbo rẹ̀ kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tí kò tíì rí nǹkan gbà àti ẹ̀rọ tí ẹni tó ni ín ti pa gbogbo nǹkan rẹ́ jọra pátápátá lójú áàpù tí wọn kò bá fi ìṣọ́ra kọ. Òfìfo ni áàpù bá nínú méjèèjì, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn. Mo ṣàlàyé kínníkínní: irú ẹ̀rọ tí mo fi kún un, ohun tí mo rí, àti pé mo ti já kọ̀ǹpútà kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí èyí tó kù má baà lọ. Èsì tó kọ́kọ́ dé kí mi dáadáa, ó dúpẹ́ pé mo yan iṣẹ́ wọn láàyò, ó wá ní kí n pa áàpù náà dé kí n sì tún un ṣí. Mo fèsì pé bí mo bá tún un ṣí lórí kọ̀ǹpútà tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìyókù orúkọ ni yóò bá a lọ. Èsì tó tẹ̀ lé e ní kí n yọ àkáǹtì mi kúrò lórí gbogbo ẹ̀rọ, kí n wá tún un fi sí i. Bí a bá yọ àkáǹtì kúrò lórí ẹ̀rọ, gbogbo orúkọ tó bá àkáǹtì náà wá ni yóò bá a jáde. Ìmọ̀ràn yẹn ì bá sì ti pa ẹ̀dà kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ mi run. Mo sọ èyí náà fún wọn. Ni wọ́n bá bi mí pé ṣé kì í ṣe èmi ni mo pa wọ́n rẹ́, tàbí pé bóyá ọmọdé kan ló fọwọ́ kan ẹ̀rọ mi.

Ìbéèrè yìí ló bí mi nínú ju ìparẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Sáfà kì í ṣàìmọ ẹ̀rọ tó rán àṣẹ DELETE, ìyẹn àṣẹ ìparẹ́, sí i, kì í sì í ṣàìmọ ìgbà tó rán an. Iwájú àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ni àkọsílẹ̀ náà wà, èmi ni kò sí lọ́wọ́ mi, síbẹ̀ èmi ni wọ́n ń bi léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ ìtọ́jú nǹkan oníbàárà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ kí ó tó fura sí oníbàárà. Mo kọ ọ́ sí wọn bẹ́ẹ̀, mo sì béèrè ohun kan péré: ẹ sọ ẹ̀rọ tó rán àṣẹ ìparẹ́ náà fún mi.

Ọ̀rọ̀ mi bọ́ sí ọwọ́ òṣìṣẹ́ mìíràn, ìwà ilé-iṣẹ́ náà sì yí padà láti ibẹ̀. Ohun tí ẹni yìí kọ́kọ́ kọ sí mi ni pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ì tíì dá kọ̀ǹpútà yẹn padà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ sì pa tábúlẹ́ẹ̀tì náà, ẹ má wulẹ̀ yọ àkáǹtì kúrò lórí nǹkan kan.” Kò kí mi kí mi, kò sì gbé ìlànà jàǹrànjanran síwájú mi. Ó béèrè ẹ̀yà áàpù tó wà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, ó sì béèrè bóyá íńtánẹ́ẹ̀tì já nígbà tí mo ń fi ẹ̀rọ náà kún un. Ó já lóòótọ́. Nígbà tó padà wá, ó ti ka àkọsílẹ̀ sáfà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní tábúlẹ́ẹ̀tì ti gba apá kan nínú orúkọ mi kí íńtánẹ́ẹ̀tì tó já. Áàpù sì ṣe àṣìṣe, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti gba gbogbo rẹ̀ tán. Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì padà dé, ó fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wé ti sáfà, ó rí i pé púpọ̀ ni kò sí lọ́dọ̀ òun, ó sì gbà pé èmi ni mo pa wọ́n rẹ́. Ni ó bá ń rán àṣẹ ìparẹ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. “Áàpù wa ló ṣe é, kì í ṣe ẹ̀yin,” bẹ́ẹ̀ ni ó parí lẹ́tà náà. Mi ò lè sọ bí gbólóhùn kúkúrú yẹn ṣe tù mí lára tó.

Bí ó ṣe dá àkójọ náà padà ni mo fẹ́ kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kíyè sí. Ọ̀nà tó yá jù ni kí ó fi fáìlì vCard kan, irú fáìlì tí wọ́n ń kó orúkọ àti nọ́ńbà sí, ránṣẹ́, kí èmi sì dà á sórí ẹ̀rọ mi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ní UID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kì í yí padà, òun sì ni àwọn ìsọ̀rí tí mo pín wọn sí ń tọ́ka sí. Ọ̀pọ̀ áàpù ló máa ń fún orúkọ ní UID tuntun bí a bá dà á wọlé láti inú fáìlì. Àwọn tó ṣì kù lórí kọ̀ǹpútà mi ì bá wá di méjì-méjì, àwọn ìsọ̀rí mi ì bá sì ṣófo. Dípò ìyẹn, ó mú àkọsílẹ̀ tó ṣáájú ìparẹ́ láti inú sáfà, ó dá ohun kọ̀ọ̀kan padà sí ipò rẹ̀ pẹ̀lú UID tó ní tẹ́lẹ̀, ó ní kí n dá fóònù padà síbẹ̀ ṣáájú, kí kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé e, kí tábúlẹ́ẹ̀tì sì ṣe ìkẹyìn lẹ́yìn tí ẹ̀yà áàpù tí wọ́n ti tún ṣe bá ti wà lórí rẹ̀. Orúkọ padà, nọ́ńbà padà, gbogbo ohun tí mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn padà, kò sí ọ̀kan tó di méjì.

Mo yẹ àwọn orúkọ tó ní àmì ohùn wò lákànṣe, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí ìyà rí lọ́dọ̀ àwọn iṣẹ́ mìíràn. Kò sí àmì ìdánimọ̀ kan ṣoṣo nínú Unicode, ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, fún lẹ́tà ẹ́: a lè kọ ẹ kí a wá fi àmì ohùn tẹ̀ lé e, tàbí kí a kọ é kí a wá fi àmì abẹ́ tẹ̀ lé e. Ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ènìyàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí kò bá kọ́kọ́ sọ wọ́n di irú kan náà yóò kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, yóò sì fi ẹnì kan ṣe ẹni méjì. Èyí tí mò ń lò yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Bí mo bá sì tẹ Sola síbi ìwákiri láìfi àmì kankan sí i, Ṣọlá á jáde. Mo yìn wọ́n fún èyí tọkàntọkàn.

Kàlẹ́ńdà wọn dára ju ti ọ̀pọ̀ lọ. Ìpàdé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí mo bá sún ọjọ́ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ kì í da ìyókù rú. Àgbègbè aago ni wọ́n sì máa ń fi ìpàdé pamọ́ pẹ̀lú, bíi Europe/London, kì í ṣe ìyàtọ̀ wákàtí lásán, nítorí náà nígbà tí àwọn ará Yúróòpù bá yí aago wọn padà ní ìparí oṣù Kẹta àti ti Kẹwàá, ìpàdé kì í ṣì lọ. Ṣùgbọ́n ayẹyẹ ọjọ́ ìbí àti ohun gbogbo tó gba odidi ọjọ́ máa ń fi ọjọ́ kan ṣáájú lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, bí mo bá rìnrìn àjò lọ sí ibi tí aago rẹ̀ wà lẹ́yìn UTC, aago tí gbogbo ayé fi ń ṣe òṣùwọ̀n. RFC 5545 ti ọdún 2009, ìlànà fún kíkọ ohun inú kàlẹ́ńdà, fàyè gba kí irú ohun bẹ́ẹ̀ jẹ́ déètì nìkan, láìní wákàtí. Ẹni tó bá sọ ọ́ di òru ọ̀gànjọ́ ní UTC ló ń sún un sẹ́yìn. Mo ti kọ̀wé nípa rẹ̀, wọ́n sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù lẹ́yìn gbogbo èyí ni pé èmi fúnra mi kò lè dá àkójọ mi padà. Google Contacts gbà kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá àkójọ rẹ̀ padà sí bí ó ṣe wà nígbàkígbà láàárín ọjọ́ 30 sẹ́yìn, iCloud náà sì ní ẹ̀dà ìpamọ́ tí oníbàárà lè mú láti orí wẹ́ẹ̀bù. Níbi tí mo wà yìí, òṣìṣẹ́ ni mo gbọ́dọ̀ bẹ̀, bóyá ẹni tó mọṣẹ́ ni yóò sì bọ́ sí lọ́wọ́ kò sí ní ìkáwọ́ mi. Òṣìṣẹ́ tó ràn mí lọ́wọ́ mú un wá síwájú àwọn tó ń kọ áàpù náà pé kí ẹ̀rọ máa kọ́kọ́ béèrè bí ó bá fẹ́ pa ohun púpọ̀ rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n gbọ́, wọ́n sì ṣe é. Mo rí i nínú ẹ̀yà tuntun, ní ìsàlẹ̀ pátápátá láàárín àwọn ààtò tí kì í ṣí títí ènìyàn yóò fi tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì fi í sí ipò pé kò ṣiṣẹ́. Wọn kò fi ìwé ránṣẹ́ sí oníbàárà kankan nípa rẹ̀. Mo tan ti èmi lórí gbogbo ẹ̀rọ mi. Bí ìwọ tó ń ka èyí bá ń lo irú iṣẹ́ yìí, wá irú ààtò bẹ́ẹ̀ lónìí, sì máa fi fáìlì àkójọ rẹ pamọ́ síbi tí kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń bá a mu.

Mo ti san owó ọdún tó ń bọ̀, mi ò sì ní lọ́kàn láti lọ síbòmíràn. Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún wọn, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ títí ààbò yẹn yóò fi máa ṣiṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn láìjẹ́ pé wọ́n wá a kàn.