Máíkì gbọọrọ tàbí AudioMoth: èwo ni kí ẹ rà fún orin ẹyẹ inú irà?

Ẹni tó bá fẹ́ gba orin ẹyẹ sílẹ̀ ní ìdájí nínú irà, nǹkan méjì ló sábà máa ń yàn láàárín wọn. Èkíní ni máíkì gbọọrọ tí à ń nà sí ẹyẹ, tí wáyà rẹ̀ wọnú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ bíi Zoom H5. Èkejì ni AudioMoth, ẹ̀rọ kékeré tó wọ àtẹ́lẹwọ́, tí à ń so mọ́ igi tí a ó sì bá tiwa lọ. Mo ti lo méjèèjì ní Lẹ́kìí àti lápá Ẹ̀pẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìrì ṣáájú, torí òun ló jẹ mí lówó. Nínú ọ̀pọ̀ máíkì gbọọrọ, awọ tín-ín-rín kan kọjú sí irin pẹlẹbẹ, iná díẹ̀ sì wà láàárín wọn. Bí ọ̀rinrin bá ti bà lé wọn, iná yẹn á máa jò, ohùn á sì máa ta bí àgbàdo tí wọ́n ń yan. Owó gọbọi ni mo fi ra tèmi, ẹni tó tà á sì búra pé ìta gbangba ni wọ́n ṣe é fún. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń ta, nígbà tí ẹlúlùú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń da ohùn rẹ̀ tó wúwo yẹn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí oòrùn mú, máíkì gbẹ, ohùn rẹ̀ padà bọ̀ sípò, àmọ́ àwọn ẹyẹ ti dákẹ́. Ẹni tó tà á ò gbà á padà.

Ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ló ń dá kún un jù. Ẹ yọ máíkì tútù jáde sínú ooru irà, ojú ẹsẹ̀ ni omi á bò ó. Inú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀ ni kó wà, pẹ̀lú àpò horo kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun. Ẹ má tú u títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn máíkì MKH tí ilé-iṣẹ́ Sennheiser ń ṣe kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe irú èyí, nítorí ọ̀nà ìgbì rédíò ni wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n owó ẹyọ kan nínú wọn á ra AudioMoth jọ. Máíkì bíńtín inú AudioMoth ò tíì ta fún mi rí. Ẹ ṣáà fi sínú àpò rẹ̀ kí òjò má kàn án.

Bí ẹyẹ bá jìnnà tó sì ń kọ jẹ́jẹ́, máíkì gbọọrọ borí; AudioMoth ní ariwo ṣíì lábẹ́ ohùn.

Bátìrì AA mẹ́ta ni AudioMoth ń lò. Wákàtí kan ní 48 kHz (ìyẹn ni pé ó ń wọn ohùn nígbà 48,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) á gba nǹkan bí 346 MB lórí káàdì. Ẹ yẹ aago rẹ̀ wò lórí kọ̀ǹpútà: UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ló ń lò, tiwa sì fi wákàtí kan ṣáájú.

Abọ́ tó ń kó ohùn jọ ńkọ́? Ẹ má tìtorí ẹlúlùú rà á. Ìgbì ohùn rẹ̀ gùn ju abọ́ tí èèyàn lè gbé dání lọ, abọ́ ò sì ní lè kó o jọ dáadáa.

Lekki Conservation Centre, tó ti wà láti 1990, kì í ṣílẹ̀kùn fún àlejò ní ìdájí. Ẹni tó bá gbàṣẹ lè so AudioMoth ní ọ̀sán, kó sì wá mú un lọ́jọ́ kejì. Ní Ẹ̀pẹ́, ẹ sọ fún àwọn apẹja pé tiyín ni, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ yóò rìn.

Méjèèjì ló ní àyè tirẹ̀. Ẹni tó ń wá ohùn ẹyẹ kan ṣoṣo tó mọ́ gaara, tó sì lówó MKH, kó ra máíkì. Ẹni tó fẹ́ mọ gbogbo ẹyẹ tó ń kọ kí oòrùn tó yọ, AudioMoth ni kó rà. Kó fi owó tó bá ṣẹ́kù ra ìkejì, kó so ó mọ́ ibi tí ẹ̀ga ń kọ́lé sí lórí omi.