Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń wá Honda CR-V tàbí Toyota RAV4 tòkúnbọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, jíìpù kékeré tí kì í mu epo púpọ̀ ni olúkúlùkù ń wá fún ìyàwó àtọmọ. Àwọn oníjìbìtì tó wà láàárín àwọn tó ń ta ọkọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti ń da àfọ́kù pọ̀ mọ́ ojúlówó.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe fún àbúrò mi obìnrin l'Ékòó. CR-V ọdún 2014 ni ọkùnrin tó ta ọkọ̀ náà fún un pè é. "Aǹtí, fọ́ọ̀sì bọ́dì ni o, kò fara gbá rí, ẹ ṣáà máa gbé e lọ." Ọ̀dà ń dán, ẹ́ńjìnnì ò pariwo, éésì ń fẹ́ tútù. Nígbà tí rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í dákú, rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe tú dáṣíbọọ̀dù. Téèpù dúdú ló bá lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n fi lẹ iná tó ń kìlọ̀ nípa éábáàgì (àpò tó máa ń wú jáde láti dáàbò bo èèyàn tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan) pa. Ó ṣí àárín sítíárìn, òfìfo! Éábáàgì ti bẹ́ láti Amẹ́ríkà, wọn ò fi òmíràn rọ́pò, ìdérí tuntun ni wọ́n kàn fi bò ó. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ọmọ lọ sílé-ìwé lójoojúmọ́ nìyẹn o.

A tẹ nọ́ńbà ṣáásí rẹ̀ sórí Google. Àwòrán rẹ̀ jáde láti ibi tí wọ́n ti lù ú ní gbànjo, iwájú rẹ̀ ti rún. Ọdún 2012 sì ni, kì í ṣe 2014. Ọkùnrin náà ní bí òun ṣe rà á lòun ṣe tà á. Kò gbé fóònù wa mọ́.

Nítorí náà, nọ́ńbà ṣáásí ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Lẹ́tà àti òǹkà 17 ni. Ìkẹwàá ló ń sọ ọdún: C ni 2012, D ni 2013, E ni 2014. Èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, àti ti orí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ bára mu.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ má tíì sítáàtì. Iná éábáàgì gbọ́dọ̀ tàn díẹ̀ kó tó kú. Tí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pa á.

Ọkọ̀ tí omi ti wọ̀ náà pọ̀. Àkúnya omi tí ìjì Harvey fà ní Texas lọ́dún 2017, àti ti Ian ní Florida lọ́dún 2022, bo àìmọye ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fa bẹ́líìtì ẹ̀yìn jáde títí dé ìdí. Ẹrẹ̀ àti àmì omi máa ń wà níbẹ̀, torí ẹni tó fọ ọkọ̀ kì í sábà fà á débẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń wo RAV4 ọdún 2006 sí 2012, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. V6 onílítà 3.5, ìyẹn ẹ́ńjìnnì oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà tó ń mu epo jù, wà nínú wọn, ẹlòmíràn sì lè yọ àmì ẹ̀yìn rẹ̀ kó pè é ní oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin fún yín.

Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san àsansílẹ̀ kí ẹ tó ya fọ́tò nọ́ńbà ṣáásí, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti ra tiyín, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí, kó bá yín wo éábáàgì. Títí dìgbà náà, ẹ jẹ́ kí gbogbo àwọn ọmọ máa jókòó sẹ́yìn, kí bẹ́líìtì wà lára wọn.