Oṣù Mẹ́sàn-án Nínú Ilé Àjọgbé Kan ní Ṣágámù, àti Ìkọ́kọrẹ́ Tí Wọ́n Dà Nù

Ní àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù tó kọjá, mo ṣí fíríìjì tí gbogbo wa jọ ń lò ní ilé ìdáná ilé àjọgbé tí mò ń gbé, níbi tí oníkálukú ti ní yàrá tirẹ̀ tí a sì jọ ń lo ìyókù, mo sì rí i pé ìkọ́kọrẹ́ tí ìyá mi gbé wá fún mi láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́jọ́ Jímọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Abọ́ rẹ̀ wà ní tirẹ̀. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, wọ́n sì da ojú rẹ̀ dé sórí tábìlì. Bí kì í bá ṣe abọ́ fífọ̀ yẹn, n kì bá tí kọ àgbéyẹ̀wò yìí rárá.

Ìyá mi jẹ́ ẹni ọdún 69. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi rin ewùrà náà, ó fi ẹja yíyan àti pọ̀nmọ́ sè é, ó wọkọ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì tún wọ òmíràn dé Ṣágámù, ó gbé abọ́ náà lé itan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òfin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì sọ pé oúnjẹ tí kò bá ní orúkọ àti ọjọ́ lára ni wọn yóò dà nù ní àárọ̀ Sátidé. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ ọjọ́, mo sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí.

Mo pe alábòójútó ilé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá láti ìhà Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọlúwàbí ni ní tòótọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, Àǹtí. Mo rí orúkọ yín lára rẹ̀ o. Àsáró yẹn ló ti bàjẹ́, ó ti dì, ó ti ṣe kókó-kókó. Mo ní kí inú má baà run yín ni.” Àsáró! Mo bi í bóyá kò jẹ ìkọ́kọrẹ́ rí, ó ní òun kò tilẹ̀ mọ̀ pé oúnjẹ ni. Ọdún kejì rẹ̀ rèé ní Rẹ́mọ.

Máníjà tó ń gba owó ilé ló mú kí ìbínú mi di ìjà. Mo kọ̀wé sí i lórí WhatsApp, mo sì ṣàlàyé ohun gbogbo. Àwòrán òfin fíríìjì ló fi ránṣẹ́ padà. Mo fi àwòrán ìdérí mi ránṣẹ́ sí i, orúkọ mi sì hàn gbangba. Ó dákẹ́ fún wákàtí mẹ́rin, lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ pé àwọn lè fún mi ní 2,000 náírà “fún oúnjẹ náà”. Owó ọkọ̀ ìyá mi nìkan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ fún un pé ọ̀gá rẹ̀ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Kí n tó dé orí ọ̀gá yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi wà níbẹ̀. Àwọn onílé tí mo kọ́kọ́ bá pàdé ń béèrè owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú owó àdéhùn, owó ẹni tó mú mi lọ àti owó ìdúró fún ohun tó bá bàjẹ́. Níhìn-ín, 70,000 náírà lóṣù ni, omi, gbígbálẹ̀ àti íntánẹ́ẹ̀tì sì wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, oníṣirò owó ni mí, oṣù kan péré ni mo kọ́kọ́ san, nítorí mo mọ bí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá inú òwò ilé àjọgbé ṣe ṣubú: The Collective ti Lọ́ńdọ̀nù rì sínú gbèsè ní ọdún 2021, Common ti Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní 2024, WeLive tí WeWork bẹ̀rẹ̀ ní 2016 kò sì kọjá ilé méjì. Kí wá ni ti ọ̀gá tó ni ilé yìí, obìnrin tó ń ta sìmẹ́ńtì ní Ṣágámù?

Obìnrin náà dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu, àmọ́ mo kúnlẹ̀ kí i, ó jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná, ó sì bi mí pé, “Ìyá rẹ fi edé sí i àbí kò fi sí i?” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo tò ti tú ká.

Ó fa ìwé ìṣirò kan yọ láti inú báàgì rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ilé náà, yàrá mẹ́wàá tó kọjú síra, balùwẹ̀ kan fún gbogbo ayálégbé. Nígbà tí bàbá kú, àwọn àbúrò rẹ̀ ní kí wọ́n tà á. Díẹ̀díẹ̀ ló fi èrè sìmẹ́ńtì san ìpín wọn fún wọn. Ó wó ògiri, ó fi yàrá méje sílẹ̀, ó fi balùwẹ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ààyè yòókù ṣe ilé ìdáná àti pálọ̀. Ó ní owó yàrá mẹ́ta ni òun ń pàdánù lóṣooṣù nítorí ibi tí a jókòó sí yẹn, ṣùgbọ́n bí kò bá sí i, ilé ayálégbé lásán ni òun ní. Iná náà wà nínú owó ilé tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba gbé owó iná Band A, ìyẹn ti àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́, láti náírà 68 lọ sí 225 fún kílówáàtì kan ní wákàtí kan, oṣù mẹ́ta gbáko ló sì fi owó ṣọ́ọ̀bù san án kó tó fi mítà sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Mo yẹ ìwé náà wò bí iṣẹ́ mi ṣe kọ́ mi. Kò sí ibì kan tó ti san owó oṣù fún ara rẹ̀.

Ojú ìwé tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ràn jù. “Ìjà” ló kọ sí òkè rẹ̀: ìkòkò tí a kò fọ̀, orin òru, àlejò tó sùn mọ́jú. Ènìyàn 11 ló ti kó jáde, mẹ́jọ nínú wọn sì jáde nítorí ilé ìdáná. Ó kọ ìkọ́kọrẹ́ mi sí abẹ́ wọn níṣojú mi.

Kò fún mi lówó. Ó ní ní Sátidé tó ń bọ̀, alábòójútó ni yóò rin ewùrà. Ọmọkùnrin náà rin ín lóòótọ́, ó sì fi àtàǹpàkò rẹ̀ ṣèṣe; omi pọ̀ jù nínú rẹ̀, iyọ̀ náà pọ̀, àwa méjèèje sì jẹ ẹ́ tán láì kù nǹkan kan sínú ìkòkò.

Ṣùgbọ́n máníjà yẹn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló yọ 1,500 náírà nínú owó ìdúró mi nítorí ọwọ́ ilẹ̀kùn kan tó ti ṣẹ́ kí n tó dé ibẹ̀. Mo fi àwòrán ránṣẹ́. Òfin ilẹ̀kùn ló fi dá mi lóhùn.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Mo ti san owó oṣù mẹ́fà mìíràn sílẹ̀.